Abdias, ọmọ aránbàtà tí wọ́n fẹ́ dí lẹ́nu ní Fẹ́sítáàkì

Ẹni tó bá dúró ní Máìlì Túù láàárọ̀ kùtù á gbọ́ bí àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ ṣe ń pariwo: "Fẹ́sítáàkì! Fẹ́sítáàkì! Ẹ mú ṣéńjì yín dání o!" Ìyá tó ń gbé agbọ̀n tòmátì lọ sọ́jà Àgbójù ń gbọ́ ọ. Mẹkáníìkì tó fẹ́ lọ wo ọkọ̀ oníbàárà ń gbọ́ ọ. Orúkọ ọ̀hún ti mọ́ni lẹ́nu débi pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sí Fọ́ọ̀sì Áfẹ́níù, tí wọ́n sì ti ibẹ̀ relé ọkọ, ò mọ̀ pé kì í ṣe orúkọ ìlú kankan tẹ́lẹ̀. Orúkọ àjọ̀dún ni.

Ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1977 ni àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà gbogbo aláwọ̀ dúdú àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ọjọ́ 12 oṣù kejì ni wọ́n sì tó kásẹ̀ ẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ ló wà lórí àlééfà nígbà náà. Ìjọba kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé sórí ilẹ̀ Àmúwo, lẹ́bàá ọ̀nà Badagry, kí àwọn àlejò lè ríbi sùn. Àlejò tó lé ní 15,000 ló wá, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti wá sì lé ní 50. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ ilé ṣe bálọ́ọ̀tì, àwọn ará ìlú tó rí i jẹ kó ẹrù wọlé. Bí abúlé àjọ̀dún ṣe di Fẹ́sítáàkì Táọ̀nù nìyẹn.

Ohun táwọn àgbà rántí jù níbẹ̀ ni ijó, ìlù, àti owó gọbọi tí ìjọba ná. Wọ́n rántí orí Ìyá Ọba Idia ti Bìní tí wọ́n fi ṣe àmì àjọ̀dún, èyí tí àwọn òyìnbó tó kó o pamọ́ sí British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀ tí wọn ò gbé e sílẹ̀. Wọ́n rántí Stevie Wonder àti Miriam Makeba. Wọ́n rántí Fẹlá tó ní òun ò bá wọn dá sí i, tí àwọn àlejò sì ń yọ́ lọ bá a ní Ṣíráìnì lóru. Ọjọ́ 18 oṣù kejì ni sọ́jà ya lu ilé Fẹlá, ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn tí àjọ̀dún parí. Ìyẹn ìtàn ọ̀tọ̀, ẹ jẹ́ á fìyẹn sílẹ̀ lónìí.

Ìjà mìíràn wà nínú Fẹ́sítáàkì tí ariwo ìlù bò mọ́lẹ̀. Ìwé ni wọ́n fi jà á, kì í ṣe kóńdó. Ẹni tó jà á jẹ́ ọkùnrin ẹni ọdún 62, ọmọ ilẹ̀ Bùràsíìlì, Abdias do Nascimento lórúkọ ẹ̀. Kó tó dé Èkó, ó ti wọ ẹgbẹ́ yìí, ó ti jáde nínú ẹgbẹ́ tọ̀hún. Ó ti ṣe sọ́jà, ó ti ṣẹ̀wọ̀n, ó ti ṣe tíátà, ó ti di ẹni tí kò lè padà sílùú ẹ̀. Àwọn kan máa ń bú irú èèyàn bẹ́ẹ̀ pé ẹlẹ́sẹ̀ méjì òde ni, pé kì í dúró síbì kan. Ẹ ka ìtàn ẹ̀ tán ná, kẹ́ ẹ tó dájọ́.

Ìyá tó ń ṣe míndinmíndìn tà

Ìlú Franca ní ìpínlẹ̀ São Paulo ni wọ́n bí i sí, lọ́jọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 1914. Ilẹ̀ oníkọfí ni. Ọdún 1888 ni Bùràsíìlì ṣẹ̀ṣẹ̀ fòpin sí oko ẹrú, òun ló gbẹ̀yìn nínú gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà lápá òkè àti lápá ìsàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n bí Abdias, àpá pàṣán ṣì wà lẹ́yìn àwọn arúgbó àdúgbò, ìdílé tiẹ̀ náà sì ti jìyà oko ẹrú. Bàbá ẹ̀ ń rán bàtà, ó sì tún mọ orin dáadáa. Ìyá ẹ̀ ń ṣe míndinmíndìn tà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi tọ́ ọmọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Abdias ń sọ títí tó fi darúgbó. Ọmọ òrukàn kan wà ládùúgbò, aláwọ̀ dúdú ni. Lọ́jọ́ kan, obìnrin òyìnbó kan mú ọmọ yìí, ó ń lù ú bíi bàrà. Àwọn èèyàn ń wò. Ìyá Abdias, tí gbogbo ayé mọ̀ sí oníwà pẹ̀lẹ́, tí kì í bá èèyàn ṣe gbólóhùn asọ̀, sáré jáde ó sì já ọmọ náà gbà. Abdias ní ibẹ̀ lòun ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹni tó bá jọ ọ́, tí ìyà ń jẹ, tìẹ ni. Kò tíì ka ìwé òṣèlú kankan nígbà náà. Ẹ̀yin ìyá ọjà, ẹ mọ irú ìjà yẹn. Kò sí ẹni tó ń kọ́ èèyàn ní yunifásítì.

Ìlú kékeré ò gbà á. Ní 1930 ó wọṣẹ́ sọ́jà, ó sì dé São Paulo. Ní 1932 tí ìpínlẹ̀ São Paulo gbé ìbọn sí ìjọba àpapọ̀, ó wà nínú ogun yẹn. Àmọ́ aṣọ sọ́jà ò bo àwọ̀ ara. Ó rí i pé àwọn ibì kan wà tí aláwọ̀ dúdú ò lè wọ̀ gbẹrẹgẹ̀dẹ̀. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n má wọ̀ ọ́ o! Ẹ wo ibi tí ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri gbangba. Ní Bùràsíìlì, wọ́n á ní àwọn ò kórìíra ẹnikẹ́ni, wọ́n á wá sọ fún ọ pé àyè ti kún. Lọ́jọ́ kan, òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan fẹ́ wọ ilé ọtí, wọ́n ní kí wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé. Ìjà bẹ́. Ìjà ọ̀hún ló lé e kúrò nínú iṣẹ́ sọ́jà, yóò sì tún padà wá bá a lọ́jọ́ iwájú.

Ó wọ tibí, ó jáde ní tọ̀hún

Ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ fà á mọ́ra ni Frente Negra Brasileira, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní São Paulo lọ́dún 1931. Ẹgbẹ́ gidi ni. Wọ́n ní ilé ìwé tiwọn, wọ́n ní ìwé ìròyìn tiwọn, wọ́n sì máa ń bá ibi ìgbafẹ́ tó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ wọn jà.

Ibi tó kan lẹ́yìn ìyẹn le, ó sì yẹ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Abdias wọ ẹgbẹ́ àwọn Integralista. Àwọn wọ̀nyí ń wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, wọ́n ń yan bíi sọ́jà, wọ́n ń nawọ́ sókè kí ara wọn bíi ti àwọn ọmọ ẹ̀yìn Mussolini ní Ítálì. Plínio Salgado ló dá a sílẹ̀ ní 1932. Kí ni aláwọ̀ dúdú ń wá níbẹ̀? Ìbéèrè tí àwọn ọ̀tá ẹ̀ fi ń gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí tó fi kú nìyẹn. Èsì tiẹ̀ ni pé àwọn yẹn ló ń pariwo jù nígbà náà pé àwọn olówó ilẹ̀ òkèèrè ló ń jẹ Bùràsíìlì run, ibẹ̀ lòun sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kó èèyàn jọ, bí wọ́n sì ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀pọ̀ èrò. Kì í ṣe òun nìkan ló ṣìnà wọ ibẹ̀. Hélder Câmara, tí ayé padà mọ̀ sí bíṣọ́ọ̀bù àwọn tálákà, wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé yẹn rí. Àmọ́ bí Abdias ṣe ń pẹ́ níbẹ̀, ó rí i pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà pọ̀ lábẹ́ ẹ̀wù náà. Nígbà tí 1937 yóò fi parí, ó ti bọ́ ọ sílẹ̀.

Ọdún 1937 yẹn náà ni Getúlio Vargas sọ ara ẹ̀ di apàṣẹwàá, tó fòfin de gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú. Frente Negra náà bá a lọ. Abdias pín ìwé tó bú ìjọba ní Rio, wọ́n gbé e, ó sì di ọdún 1938 kí wọ́n tó tú u sílẹ̀.

Nígbà tó jáde, òun àtàwọn akéwì ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan, tí àwọn ará Argentina wà nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í rin ìrìn àjò kiri. Odò Amazon ni wọ́n tọ̀ títí wọ́n fi dé Lima, olú ìlú Peru, lọ́dún 1941. Ní tíátà ńlá ibẹ̀, wọ́n ń ṣe eré kan tí Eugene O'Neill ará Amẹ́ríkà kọ, "The Emperor Jones". Ìtàn aláwọ̀ dúdú kan ni, tó fọgbọ́n di ọba ní erékùṣù kan. Òṣèré tó wá ń ṣe ọba ọ̀hún ńkọ́? Òyìnbó ni! Wọ́n fi nǹkan dúdú kun ojú ẹ̀ bí ẹni kun ìkòkò. Abdias jókòó, ó ń wò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní Bùràsíìlì. Tí ipa aláwọ̀ dúdú bá tóbi nínú eré, wọ́n á mú funfun, wọ́n á kùn ún. Ẹni tí Elédùmarè fúnra ẹ̀ kùn, ipa ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbé abọ́ ni wọ́n á fún un. Ibẹ̀ ló ti pinnu pé tóun bá délé, òun á dá tíátà aláwọ̀ dúdú sílẹ̀.

Ó délé lóòótọ́. Ẹ̀wọ̀n ló kọ́kọ́ bá pàdé. Wọ́n ti dá ẹjọ́ ìjà ilé ọtí ọjọ́ kìíní àná lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n wá sọ ọ́ sí Carandiru, ọgbà ẹ̀wọ̀n ńlá São Paulo. Ẹlòmíràn á máa ka ọjọ́. Abdias kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n jọ, ó ní kí wọ́n kọ ìtàn ara wọn, kí wọ́n sì ṣe é léré. Bí tíátà ẹlẹ́wọ̀n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ibi tó ti kọ́ṣẹ́ nìyẹn náà.

Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ di òṣèré

Lọ́jọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 1944, ó dá Teatro Experimental do Negro sílẹ̀ ní Rio de Janeiro. Ó dùn-ún gbọ́ pé ọdún 1944 yẹn gan-an ni Hubert Ògúǹdé, tó ṣì ń ṣe ọlọ́pàá nígbà náà, gbé eré àkọ́kọ́ ẹ̀ jáde ní Glover ní Èkó. Òkun Àtìláńtíìkì wà láàárín wọn. Ẹnì kan ò mọ ẹnì kejì.

Àwọn wo ni Abdias kó jọ? Àwọn ọmọbìnrin tó ń fọ abọ́ nílé olówó, àwọn òṣìṣẹ́ fákítìrì, àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀wé kà. Báwo ni ẹni tí kò mọ̀wé kà ṣe máa há eré sórí? Ó bá di pé wọ́n kọ́kọ́ dá ilé ìwé alẹ́ sílẹ̀. Nǹkan bí 600 èèyàn ló forúkọ sílẹ̀. Tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á wá jókòó, wọ́n á máa pe A, B, D, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá gbọ́ nípa ìtàn ìran wọn àti bí wọ́n ṣe ń dúró lórí ìtàgé. Abdias kọ lẹ́tà sí O'Neill pé àwọn ò lówó tí àwọn fẹ́ fi ra ẹ̀tọ́ eré "The Emperor Jones". O'Neill ní kí wọ́n máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Alẹ́ ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún ọdún 1945 ni wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí ogun Hitler parí ní Yúróòpù gan-an. Tíátà Municipal ni wọ́n ti ṣe é, ibi tí àwọn bọ̀rọ̀kìnní Rio ń lọ. Abdias ní kó tó di ọjọ́ náà, aláwọ̀ dúdú kan ò ṣeré lórí ìtàgé ibẹ̀ rí, àfi kó gbálẹ̀ ẹ̀. Aguinaldo Camargo ló ṣe ọba. Wọn ò kun nǹkan kan sí i lójú.

Tíátà yẹn ò mọ sórí eré nìkan. Láti 1948 sí 1950, wọ́n ń tẹ ìwé ìròyìn kan tó ń jẹ́ Quilombo. Maria Nascimento, ìyàwó Abdias nígbà náà, ló ń kọ ojú ìwé àwọn obìnrin, àkọlé ẹ̀ lédè wa ni "Obìnrin, sọ̀rọ̀". Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ló gbé karí: owó oṣù wọn, àkókò ìsinmi wọn, ẹ̀tọ́ wọn tí òfin òṣìṣẹ́ ò kà kún. Ní 1950 ó lọ́wọ́ nínú kíkó àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú jọ sábẹ́ ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo. Orúkọ Abdias ni ayé ń dá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ obìnrin yìí ò kéré rárá.

Ẹnu ìgbà yìí náà ni Abdias bá àwọn kọ́múnísítì àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe. Ní 1945, ó wà lára àwọn tó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí aláwọ̀ dúdú àti funfun jọ wà níbẹ̀, wọ́n ń jà kí wọ́n tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú sílẹ̀. Wọ́n jà á, wọ́n tú wọn sílẹ̀. Abdias bá ní ó yá, ó kan ọ̀rọ̀ aláwọ̀ dúdú. Wọ́n ní rárá o, pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa pín àwọn òṣìṣẹ́ níyà, pé kó ní sùúrù, tí ìjọba òṣìṣẹ́ bá dé, gbogbo ẹ̀ á yanjú fúnra ẹ̀. Ẹni tó bá ti dá ésúsú rí mọ èyí dáadáa. O dá owó títí, ó wá kan ọ láti kó o, alájọ ní ọdún tó ń bọ̀. Abdias kó ẹrù ẹ̀ jáde níbẹ̀ náà.

Ó ti rí apá ọ̀tún, ó ti rí apá òsì, àwọn méjèèjì ní kó gba ẹ̀yìnkùlé.

Òkèèrè ló ti rí ilé

Ní 1964 àwọn sọ́jà gba ìjọba Bùràsíìlì. Ní 1966, wọ́n ṣe àjọ̀dún aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní Dakar, lábẹ́ Ààrẹ Senghor. Àjọ̀dún yẹn ni ẹ̀gbọ́n Fẹ́sítáàkì. Ìjọba Bùràsíìlì yan àwọn tó máa lọ, wọ́n sì fo tíátà Abdias dá. Ó kọ lẹ́tà gbangba tó fi pariwo ọ̀rọ̀ náà síta. Ní 1968 ó lọ sí Amẹ́ríkà, oṣù Kejìlá ọdún náà ni àwọn sọ́jà gbé òfin líle kan jáde tó pa ẹnu gbogbo alátakò mọ́. Kò ṣeé padà sílé mọ́. Ó tó ọdún mẹ́tàlá tó fi wà lẹ́yìn odi.

Ọdún 1968 ni wọ́n pa Martin Luther King. Wọ́n ti pa Malcolm X ní ọdún mẹ́ta ṣáájú. Àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ ti ń sọ pé àwọn ò bẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Abdias ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ó gbájú mọ́ àwòrán kíkùn, àwọn tó sì ń kùn ni Ògún, Ọ̀ṣun, Ṣàngó, Èṣù, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Àwọn òrìṣà tí àwọn ẹrú Yorùbá gbé sínú lọ sí Bàhíà ló di ẹnu tó fi ń sọ̀rọ̀ nílẹ̀ onílẹ̀. Yunifásítì kan ní Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York, gbà á síṣẹ́ olùkọ́.

Ní 1974 ó lọ sí àpérò kẹfà gbogbo ọmọ Áfíríkà ní Dar es Salaam. Àríyànjiyàn ńlá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: àwọn kan ní olówó àti tálákà ni ìjà ayé, àwọn kan ní ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló ṣáájú. Abdias ti gbọ́ orin yẹn rí ní 1945. Ìyá àgbà kan náà wà níbẹ̀ tí òun náà ti gbọ́ ọ rí, Audley Moore, tí wọ́n ń pè ní Queen Mother Moore. Ìpínlẹ̀ Louisiana ni wọ́n bí i sí ní 1898. Ó tẹ̀ lé Marcus Garvey nígbà èwe ẹ̀, ó wọ ẹgbẹ́ kọ́múnísítì ní Harlem nítorí pé wọ́n ń gbèjà aláwọ̀ dúdú nílé ẹjọ́, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ ní 1950, nígbà tó rí i pé wọ́n ti jó àjórẹ̀yìn lórí ọ̀rọ̀ náà. Láti ìgbà náà títí tó fi kú ní 1997, ọ̀rọ̀ owó ìtánràn oko ẹrú ló ń sọ. Bùràsíìlì jìnnà sí Louisiana, ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì rìn?

Ní 1976, Abdias dé Ilé-Ifẹ̀. Yunifásítì Ifẹ̀ pè é láti wá kọ́ni fún ọdún kan ní ẹ̀ka èdè àti lítíréṣọ̀ Áfíríkà. Ọkùnrin tó ti ń kun Ṣàngó ní Buffalo wá ń gbọ́ kí wọ́n máa kí Ṣàngó lẹ́nu onílé. Ibẹ̀ ló wà tí Fẹ́sítáàkì fi dé.

Ilẹ̀kùn Ìgànmú

Yàtọ̀ sí ijó àti eré, àpérò àwọn ọ̀mọ̀wé wà nínú Fẹ́sítáàkì, ní Gbọ̀ngàn Tíátà ní Ìgànmú, ibi tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ ní 2024. Abdias kọ ìwé kan sílẹ̀ láti kà níbẹ̀. Ohun tó wà nínú ìwé náà kò ní àbùlà. Ìjọba Bùràsíìlì ń sọ fún gbogbo ayé pé ìlú àwọn ni párádísè àwọ̀, pé dúdú àti funfun ń gbé bí ọmọ ìyá. Abdias ní irọ́ ni. Ó ní wọ́n ń pa ìran dúdú run díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi ẹ̀rín pa á.

Ẹ̀rí pọ̀ nílẹ̀. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 1970, wọn ò béèrè àwọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò wá sẹ́ni tó lè fi iye fi hàn bí ìyà ṣe pín sí. Bí wọ́n bá polówó iṣẹ́ nínú ìwé ìròyìn, wọ́n á ní ẹni tí "ìrísí ẹ̀ dára" ni àwọn ń fẹ́. Kò sí aláwọ̀ dúdú tí kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ní Bàhíà, títí di oṣù kìíní ọdún 1976, ilé òrìṣà gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n tó lu ìlù. Ìlù Ọ̀ṣun! Lọ́wọ́ ọlọ́pàá!

Ó burú fún Bùràsíìlì kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ní Èkó lọ́dún yẹn. Epo rọ̀bì ti sọ Nàìjíríà di ọlọ́jà ńlá, àwọn sọ́jà Bùràsíìlì sì ń wá ẹni tó máa ra ohun tí fákítìrì wọn ń ṣe. Ẹni tó fẹ́ tajà fún aláwọ̀ dúdú kì í fẹ́ kí aládùúgbò òun yọjú sẹ́nu ọ̀nà kó ní, "Ẹ bi í léèrè bó ṣe ń ṣe àwọn ọmọ yín tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀." Wọ́n ti yan àwọn aṣojú tiwọn wá sí Fẹ́sítáàkì, olórin, oníjó àti ọ̀mọ̀wé. Aṣojú ìjọba wọn tó wà ní Èkó sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àwọn tó wà nídìí ètò.

Ìwé Abdias ò wọlé. Àwọn aláṣẹ àpérò kọ̀ ọ́. Ètò Fẹ́sítáàkì jẹ́ láti ìjọba sí ìjọba: orílẹ̀-èdè ló ń yan ẹni tó máa ṣojú ẹ̀. Ibi tó ti dunni nìyẹn. Wọ́n pe gbogbo ọmọ Áfíríkà tó fọ́n káàkiri ayé wálé, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá wà lọ́wọ́ ìjọba tí funfun ń ṣe, ìjọba ọ̀hún ló máa sọ èwo nínú wọn ló lè lanu. Ìjọba Nàìjíríà ò sì fẹ́ bá oníbàárà jà nítorí ọkùnrin kan.

Kí ni Abdias ṣe? Ọmọ aránbàtà ò jókòó sílé. Ní Ifẹ̀, wọ́n bá a fi ẹ̀rọ da ìwé náà kọ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀dà. Ó kó wọn wá sí Èkó, ó wọ àpérò gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kàn wá gbọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín in fún ẹni tó bá ń kọjá. Ó tún dìde láti àárín èrò, ó sọ̀rọ̀. Àwọn aṣojú Bùràsíìlì dìde, wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dáhùn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà kan gbè é lẹ́yìn, ìwé ìròyìn ilẹ̀ wa sì gbé e. Bó ṣe di pé ọ̀rọ̀ tí wọn ò fẹ́ kó kà fún wákàtí kan nínú yàrá di ohun tí èèyàn ń rà lójú títì nìyẹn. Kí ọdún 1977 tó parí, ilé iṣẹ́ Sketch ní Ìbàdàn, àwọn tó ń tẹ Gbóhùngbóhùn, ti tẹ ìwé ọ̀hún jáde. Ìtàn ohun tí ojú ẹ̀ rí l'Ékòó náà di ìwé lédè wọn ní 1981. Ó pe àkọlé ẹ̀ ní ẹni tí wọ́n dó tì ní Èkó.

Ohun tó gbé lọ sílé

Lẹ́yìn Fẹ́sítáàkì, Abdias ò wá ẹgbẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ wọ̀ kó tó mọ ẹni tóun jẹ́ mọ́. Ní 1980 ó kọ ìwé lórí ohun tó pè ní Quilombismo. Quilombo ni ìlú tí àwọn ẹrú tó sá kúrò lóko tẹ̀ dó sínú igbó. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ni Palmares, tó gbé ìjà ko àwọn Potogí ní ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó ṣẹ́gun ẹ̀. Ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 1695 ni wọ́n pa Zumbi, olórí wọn. Abdias ní kí aláwọ̀ dúdú má tún lọ yá ọgbọ́n òṣèlú lọ́wọ́ Róòmù tàbí Mọ́síkò, pé àwọn baba wọn ti ṣèlú rí, ilẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ẹgbẹ́, iṣẹ́ jẹ́ ti gbogbo ọwọ́. Àwọn kan ní ó ti gbóríyìn fún Palmares jù, pé ìlú tó ń jagun kì í ṣe ọ̀run. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti gbé ilé àwọn ẹlòmíràn tó láti mọ̀ pé òrùlé tòun lòun fẹ́.

Ní 1978 ó wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ dá ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú tuntun sílẹ̀ ní São Paulo. Nígbà tí ìjọba sọ́jà dárí ji àwọn tó wà lẹ́yìn odi, ó bá Leonel Brizola dá ẹgbẹ́ òṣèlú kan sílẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ó ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ aláwọ̀ dúdú sínú ìwé ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́. Láti 1983 sí 1987 ó wà nílé aṣòfin, ó sì tún ṣe sẹ́nétọ̀ lẹ́yìn náà. Tó bá dìde láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀, Olódùmarè àtàwọn òrìṣà ló kọ́kọ́ ń pè, láàárín àwọn aṣòfin tó wọ kóòtù àti táì. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Ó gbé àbá wá pé kí ìjọba ya àyè sọ́tọ̀ fún aláwọ̀ dúdú níbi iṣẹ́ àti nílé ìwé. Wọn ò gbà á nígbà náà. Òfin Bùràsíìlì tuntun ti 1988 sọ ẹlẹ́yàmẹ̀yà di ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n, ní 2012 sì ni òfin àyè ọ̀tọ̀ ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó jáde.

Abdias ò bá ti 2012 láyé. Oṣù karùn-ún ọdún 2011 ló kú ní Rio, lẹ́ni ọdún 97. Yunifásítì Ifẹ̀, tó ti ń jẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ti fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé kó tó lọ. Wọ́n sun òkú ẹ̀, wọ́n sì gbé eérú ẹ̀ lọ sórí òkè Serra da Barriga, ibi tí Palmares wà, wọ́n sin ín síbẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún náà.

Ọjọ́ ikú Zumbi, 20 oṣù kọkànlá, tí Abdias gbé àbá ẹ̀ lọ sílé aṣòfin nígbà tó wà níbẹ̀, di ọjọ́ ìsinmi fún gbogbo Bùràsíìlì pẹ̀lú òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní ìparí ọdún 2023. Ní 2024 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Lọ́jọ́ náà, báńkì tì, ilé ìwé tì, ilé iṣẹ́ ìjọba tì, láti São Paulo títí dé Bàhíà.